Wárápá tó ń bẹ̀rẹ̀ láti inú lọ́hùn-ún ọpọlọ: oògùn, iṣẹ́ abẹ, oúnjẹ ọ̀rá àbí ẹ̀rọ?

Bí wárápá bá wọ ilé kan ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Rẹ́mọ, ìmọ̀ràn kì í wọ́n. Ẹnì kan á ní kí ẹ pààrọ̀ oògùn. Ẹlòmíràn á ní àbúrò òun tó wà lókè òkun sọ pé wọ́n ti ń ki wáyà bọ inú ọpọlọ báyìí. Ìyá àgbà á ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan itọ́ tó ń hó lẹ́nu ẹni tó ṣubú. Owó ń lọ, ọdún ń lọ, ọmọ náà ṣì ń ṣubú.

Ẹ jẹ́ kí n ti mú ti ìyá àgbà kúrò nílẹ̀ ná: wárápá kì í ràn. Itọ́ ẹnu rẹ̀ kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni, àwo tó fi jẹun kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sá fún un nígbà tó ṣubú ló ń jẹ́ kó forí gbá nǹkan.

Fún ìdílé tó ń wá ọ̀nà tí yóò tọ̀ ni mo ṣe kọ ìfiwéra yìí. Kí ẹ tó béèrè oògùn tó dára jù, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí wárápá náà ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọpọlọ. Ìdáhùn yẹn ló ń sọ oògùn tó yẹ, òun ló ń sọ bóyá iṣẹ́ abẹ lè ṣeé ṣe, òun náà ló ń sọ ìgbà tí ẹ̀rọ olówó gọbọi jẹ́ owó ìparun.

Ohun tí mo fi wọn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan

Àkọ́kọ́ ni ibi tí wárápá náà ti ń ṣẹ̀, torí oògùn tó mú ẹ̀yà kan dúró lè mú òmíràn le sí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rí: nínú àwọn tó ti lò ó, mélòó ni kò ṣubú mọ́ rárá, mélòó ni tiwọn kàn dínkù? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da méjèèjì pọ̀ mọ́ yín lójú. Ẹni tí tirẹ̀ dínkù láti ẹ̀ẹ̀mẹwàá sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóṣù kò tíì lè gun ọ̀kadà, kò sì tíì yẹ kó dá wà nídìí iná tàbí lẹ́tí kànga.

Owó ni ìkẹta. Iye tí ẹ máa san lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí yóò máa ná yín lóṣooṣù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìkẹrin ni bóyá ẹ ó rí i rà. Oògùn tó wà l'Ékòó tí kò sí ní Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́jọ́ tó tán léwu ju kí ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rárá lọ. Èyí tí mo fi parí rẹ̀ ni bóyá ohun tí a ṣe ṣeé dá padà. Oògùn ṣeé dá dúró díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ ṣeé pa, ṣùgbọ́n ọpọlọ tí a bá ti gé kò ní hù mọ́.

Kí ló wà nínú lọ́hùn-ún yẹn?

Iná kékeré ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ọ̀pọ̀ wọn bá ta iná pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìní ìdí, wárápá nìyẹn. Iná yìí lè ṣẹ̀ láti èèpo ọpọlọ lókè, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yà kan wà ní ìsàlẹ̀ tí wọ́n ní ọwọ́ nínú rẹ̀ gan-an.

Hippocampus ni àkọ́kọ́. Méjì ni, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ní inú lọ́hùn-ún ní ìhà etí. Òun ló ń bá wa fi ohun tuntun pamọ́ sí ìrántí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni amygdala wà, tí ẹ̀rù ń ti ibẹ̀ wá. Nígbà tí wárápá bá ṣẹ̀ láti ibí yìí, kì í sábà fi ìṣubú bẹ̀rẹ̀. Ẹni náà á ní nǹkan kan ń ru sókè láti inú ikùn òun wá sí ọ̀fun. Ẹ̀rù òjijì lè bà á, tàbí kó dà bíi pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni yóò ranjú, tí yóò máa pọ́n ètè lá, tí yóò máa fi ọwọ́ fa aṣọ tàbí kó máa fọwọ́ wá nǹkan tí kò sí, tí a ó máa pè é tí kò ní dáhùn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan sí méjì yóò padà bọ̀ sípò, kò sì ní rántí. Ọ̀pọ̀ irú àwọn èèyàn báyìí ni wọ́n ti pè ní ẹni tí ẹ̀mí kan ń dà láàmú nígbà tó jẹ́ pé hippocampus ló ní àpá.

Níbo ni àpá náà ti wá? Lára àwọn kan, giri tó pẹ́ nígbà èwe wà nínú ìtàn wọn. Giri tó lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lè ṣe hippocampus àwọn ọmọ kan lé̩ṣe, àmì rẹ̀ sì lè má hàn títí ọmọ náà yóò fi di ọ̀dọ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn òbí pé bí giri bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé ọmọ lọ.

Thalamus ni èkejì, ní àárín gbùngbùn ọpọlọ. Bí Interchange Ṣàgámù ṣe rí sí mọ́tò ni thalamus ṣe rí sí ọpọlọ: ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbà. Ìròyìn tí ojú, etí àti awọ ara ń kó wá, ibẹ̀ ló ń gbà kó tó dé èèpo ọpọlọ. Iná wárápá tó ṣẹ̀ láti ibòmíràn náà lè gba ibẹ̀ tàn ká. Ẹ̀yà kan sì wà tó jẹ́ pé láàárín thalamus àti èèpo ọpọlọ gan-an ni iná náà ti ń lọ síwá-sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọmọ tó ní irú èyí kì í ṣubú. Yóò kàn dákẹ́ ní kíláàsì fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ojú rẹ̀ á ranjú, ìpéǹpéjú rẹ̀ lè máa ṣẹ́, lẹ́yìn náà á máa bá ìwé rẹ̀ lọ. Ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Tíṣà á ní ọmọ náà ń ro ìròkurò, wọ́n á sì nà án.

Ìkẹta ṣọ̀wọ́n: hypothalamus, lábẹ́ thalamus. Ìwú kékeré kan tí a bí mọ́ ọmọ lè wà níbẹ̀, tí yóò máa mú kí ọmọ bú sẹ́rìn-ín láìsí ohun ẹ̀rín, tí inú rẹ̀ kò sì dùn. Oògùn kì í sábà ran irú èyí. Bí ẹ bá mọ ọmọ kan tó ń rẹ́rìn-ín báyìí lójijì, lóru lọ́sàn-án, ẹ má fi ṣeré.

Bí iná bá wá dé ibi gbogbo ní ọ̀tún àti òsì, tó sì dé ìdí ọpọlọ níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ara á le gbagidi, ẹni náà á ṣubú, á máa gbọ̀n. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí wárápá nìyí. Ìparí ọ̀rọ̀ ni ìṣubú yẹn sábà máa ń jẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tó ṣáájú rẹ̀ ló ń sọ ibi tó ti ṣẹ̀.

Owó àkọ́kọ́: ẹ fi wá ibi tó ti ń ṣẹ̀

Fóònù yín ni irinṣẹ́ tó kéré jù lówó, tó sì wúlò jù. Ẹ ka fídíò nígbà tó bá gbé e, láti ìbẹ̀rẹ̀ bó bá ṣeé ṣe, kí ẹnì kan sì máa wo aago. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ fi í lé. Ẹ má fi ṣíbí tàbí ohunkóhun sí i lẹ́nu.

EEG tẹ̀lé e: wọ́n á lẹ àwọn wáyà mọ́ orí, ẹ̀rọ á sì máa ya iná ọpọlọ sórí ìwé. Kò dunni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé bí EEG bá dára, kò sí wárápá. Iná tó wà nínú lọ́hùn-ún bíi ti hippocampus lè má dé èèpo orí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é.

MRI, àwòrán inú ọpọlọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ òòfà yà, ló wọ́n jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà ló sì ń fi àpá hippocampus hàn. CT, àwòrán tí wọ́n fi X-ray yà, kì í sábà rí i. Ẹ ní kí dókítà kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé wárápá ni wọ́n ń wá, kí wọ́n gé àwòrán hippocampus tínrín-tínrín. Ẹ béèrè agbára ẹ̀rọ náà kí ẹ tó sanwó: èyí tó bá tó 1.5 tesla (tesla ni wọ́n fi ń wọn agbára òòfà rẹ̀) ni kí ẹ wá, torí èyí tí agbára rẹ̀ kéré lè má rí àpá náà, owó yín á sì gbé.

Níbo ni kí ẹ lọ? Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Olabisi Onabanjo University wà ní Ṣàgámù, ti Babcock wà ní Ìlíṣàn. Ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, tó ti wà láti ọdún 1954, máa ń rí ọ̀pọ̀ àwọn tó ní wárápá. Ẹ má bẹ̀rù orúkọ Aro. Ẹni tó lọ síbẹ̀ kò tipa bẹ́ẹ̀ di wèrè. Fún iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, UCH n'Ìbàdàn ni ojú àwọn èèyàn wa ń lọ, níbi tí Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di dókítà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka náà ní 1962. Ẹ kọ́kọ́ pè kí ẹ tó wọkọ̀, kí ẹ mọ ọjọ́ tí dókítà ọpọlọ ń jókòó àti bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́.

Oògùn

Ọ̀dọ̀ oògùn ni kí gbogbo ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí 70 nínú 100 ẹni tó ní wárápá lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n bá rí oògùn tó yẹ tí wọ́n sì lò ó dáadáa. Ọ̀nà mìíràn tí mo mẹ́nu bà níbí kò ní irú àǹfààní yẹn ní irú owó yẹn.

Ìwádìí kan tó ti Glasgow jáde ní ọdún 2000 wo 470 ènìyàn tí kò lo oògùn wárápá rí. Oògùn àkọ́kọ́ mú ti 47 nínú 100 dúró. Èkejì fi bí 13 kún un. Oògùn ìkẹta àti àpapọ̀ oògùn méjì fi nǹkan bí 4 péré kún un. Ẹ wo ìṣirò yẹn dáadáa. Bí oògùn méjì tó yẹ, tí a lò bó ti yẹ, kò bá mú un dúró, kí a máa pààrọ̀ dé ìkarùn-ún àti ìkẹfà kò ní so èso púpọ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ bèèrè MRI àti dókítà ọpọlọ. Ó dùn mí pé ọdún mẹ́wàá, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àwọn kan ń lò lórí pípààrọ̀ oògùn láìsí ẹni tó yà wọ́n ní àwòrán rí.

Phenobarbital ló rọ̀ jù lówó, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló sì ń gbà lo, lálẹ́. Ó ń mú oorun wá, ó sì lè mú ọmọdé ya ipátá tàbí kó má lè fọkàn sí ìwé. Abẹ́ òfin líle ló wà, nítorí náà ó lè pòórá lórí àtẹ. Ẹni tó bá já a lójijì lè bọ́ sínú wárápá tí kò dáwọ́ dúró, ìyẹn sì ń pani. Ẹ máa ra tuntun kí ti ọwọ́ yín tó ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Carbamazepine, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Tegretol, ni mo fi síwájú fún ẹni tí tirẹ̀ ń ṣẹ̀ láti ojú kan, bíi hippocampus. Owó rẹ̀ kò pa ni lára ju bó ti yẹ lọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé bí ẹ bá fún ọmọ tó ń ranjú ní kíláàsì, ti thalamus yẹn, ó lè mú un burú sí i. Phenytoin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ibi tó ti ń ṣẹ̀: oògùn kan náà, ọmọ méjì, ọ̀kan gba ìwòsàn, èkejì le sí i. Bí ara bá sú tàbí tí ẹnu bó lẹ́yìn tí ẹ bẹ̀rẹ̀ carbamazepine, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Phenytoin ní tirẹ̀ máa ń mú kí erìgì wú, tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin kì í fẹ́. Kò sí nínú ohun tí màá kọ́kọ́ mú.

Fún ọmọ tó ń ranjú, ethosuximide ló bá a mu jù, torí ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí sẹ́ẹ̀lì thalamus ti ń ta iná yẹn. Kì í ṣe gbogbo ilé oògùn ló ń tà á, nítorí náà ẹ wádìí kí ẹ tó gbára lé e. Sodium valproate, tí ẹ mọ̀ sí Epilim, náà ń mú un, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀yà wárápá púpọ̀. Àmọ́ mo ní láti sọ ọ́ kíkankíkan: ẹ má fún ọmọbìnrin tó ti ń dàgbà tàbí obìnrin tó lè lóyún ní valproate àyàfi bí dókítà ọpọlọ bá sọ pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Bí 10 nínú 100 ọmọ tí ìyá wọn lò ó nínú oyún ni a ń bí pẹ̀lú àbùkù ara, 30 sí 40 nínú 100 ni ọpọlọ wọn kì í dàgbà bó ti yẹ. Èyí kò wá túmọ̀ sí pé kí ìyá tó ti lóyún já a fúnra rẹ̀. Kó sáré lọ rí dókítà.

Levetiracetam, Keppra, ló rọrùn jù fún obìnrin tó fẹ́ bímọ. Kì í bá oògùn mìíràn jà, kì í sì ba oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí jẹ́ bíi carbamazepine, phenytoin àti phenobarbital. Ó wọ́n jù wọ́n lọ, ó sì lè mú àwọn kan máa bínú sódì tàbí kí ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì. Bí ìwà rẹ̀ bá yí padà lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, oògùn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ máa ń dé ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Oògùn ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ lè bá sààrì àti ìṣínu lọ, phenobarbital sì lè dúró ní alẹ́, ṣùgbọ́n kí dókítà tò ó kí oṣù tó lé. Àìsùn léwu ju àìjẹun lọ: ìṣọ́ òru àti àríyá àṣemọ́jú ti da wárápá tó ti sùn sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Iṣẹ́ abẹ

Ìbẹ̀rù ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ máa ń fà, mo sì mọ̀ pé kò ṣàìnídìí. Síbẹ̀, fún ẹni kan ṣoṣo, òun lọ̀nà tó dájú jù: ẹni tí oògùn méjì kò mú tirẹ̀, tí MRI fi àpá hippocampus hàn ní apá kan ṣoṣo, tí EEG sì tọ́ka sí apá náà. Ní Kánádà, wọ́n pín 80 irú àwọn ènìyàn báyìí sí méjì, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2001. Lẹ́yìn ọdún kan, 58 nínú 100 àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ni kò ní wárápá tó ń gba iyè lọ́wọ́ wọn mọ́. Lára àwọn tó dúró sórí oògùn, 8 nínú 100 ni.

Kí ló lè bàjẹ́? Ìrántí. Ní 1953, ní Amẹ́ríkà, dókítà William Scoville yọ hippocampus ọ̀tún àti òsì ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Henry Molaison nítorí wárápá tó le. Wárápá rẹ̀ dínkù, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí ó fi kú ní 2008, kò lè fi ohun tuntun pamọ́ sí ìrántí mọ́. Ẹni tó bá pàdé lánàá di àjèjì lónìí. Láti ara rẹ̀ ni ayé ti mọ iṣẹ́ hippocampus, kò sì sí dókítà tó gbọ́dọ̀ yọ méjèèjì mọ́. Ọ̀kan ni wọ́n ń yọ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dán ìrántí wò láti mọ̀ pé èkejì ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ apá tí ọ̀rọ̀ sísọ wà, tó sábà máa ń jẹ́ òsì, rírántí orúkọ àti ọ̀rọ̀ lè nira díẹ̀. Oníṣòwò tó ń fi orí ṣírò gbèsè oníbàárà kò gbọdọ̀ gbà láìbéèrè èyí.

Owó rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ fi wé owó oògùn ogún ọdún, iṣẹ́ tó bọ́, ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ fi sílẹ̀, ẹsẹ̀ tó jóná nídìí ààrò. Ọ̀pọ̀ á ṣì máa lo oògùn fún ìgbà kan lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá dárúkọ India fún yín, ẹ mú MRI, EEG àti fídíò lọ bá dókítà ọpọlọ nílé kọ́kọ́, kó jẹ́ òun ni yóò kọ lẹ́tà. Kí ẹ má ta ilẹ̀ bàbá yín nítorí ìpolówó orí fóònù.

Oúnjẹ ọ̀rá

Láti 1921 ni wọ́n ti ń lò ó, nígbà tí dókítà Russell Wilder ní Mayo Clinic dá a sílẹ̀. Ọ̀rá ni ọmọ á fi jẹ púpọ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀, sítáàṣì á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, tí ara yóò fi máa jó ọ̀rá dípò ṣúgà. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ìlú London lórí ọmọ 145, tó jáde ní 2008, wárápá dínkù ju ìdajì lọ lára 38 nínú 100 ọmọ tó jẹ oúnjẹ yìí láàárín oṣù mẹ́ta, sí 6 nínú 100 tí kò jẹ ẹ́. Fún ọmọ tí oògùn kọ̀, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Ẹ wá wo abọ́ wa. Kò sí gàrì Ìjẹ̀bú mímu, kò sí ìkọ́kọrẹ́, kò sí èbìrìpò, kò sí ẹ̀bà. Epo, ẹyin, ẹja ọlọ́ràá, píà àti ẹ̀fọ́ ló kù, gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n lórí òṣùwọ̀n. Bọ̀ọ́lì tàbí pọfù-pọfù kan tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ fún un lè ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan jẹ́. Kíndìnrín lè ní òkúta, inú lè kì. Láìsí onímọ̀ oúnjẹ tó ń bójú tó o, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ilé tí ìyá tàbí ìyá àgbà kan bá wà nílé tó lè wọn oúnjẹ lójoojúmọ́ nìkan ni mo lè gbà nímọ̀ràn.

Ẹ̀rọ

Mẹ́ta ló wà, kò sì sí èyí tó rọ̀ lówó. Àkọ́bí wọn, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1997, kì í wọ inú ọpọlọ: bátìrì kan lábẹ́ awọ àyà, wáyà rẹ̀ sì lọ́ mọ́ iṣan vagus ní ọrùn òsì. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó lò ó ni tiwọn dínkù dé ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀nba ló ń bọ́ pátápátá. Ohùn máa ń há nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kí akọrin àti ẹni tó ń pe ìrun rò ó dáadáa.

Èkejì ni ti wáyà inú thalamus. Ṣé ẹ rántí pé ibẹ̀ ni iná ń gbà kọjá? Wọ́n á ki wáyà tínrín méjì bọ apá iwájú rẹ̀, kí iná kékeré máa dí wárápá lọ́nà. Ìwádìí rẹ̀ lórí 110 ènìyàn ní Amẹ́ríkà jáde ní 2010: lẹ́yìn ọdún méjì, wárápá ẹni tó wà ní àárín gbùngbùn wọn dínkù ní 56 nínú 100, lẹ́yìn ọdún márùn-ún ó di 69. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2018. Àwọn kan sọ pé ọkàn àwọn rẹ̀wẹ̀sì tàbí pé ìrántí àwọn dínkù. Ìkẹta, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2013, ń ka iná ọpọlọ fúnra rẹ̀, á sì dá a lóhùn nígbà tó bá rí ìbẹ̀rẹ̀ wárápá. Ẹni tí hippocampus rẹ̀ méjèèjì ń ta iná, tí a kò lè gé, ni mo rò pé ó bá mu jù.

Ìdájọ́ mi lórí wọn: fún ẹni tó ń gbé Ìpẹ̀rù tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ni ẹni tí yóò máa tún ẹ̀rọ náà tò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àti ẹni tí yóò pààrọ̀ bátìrì nígbà tó bá tán. Bí ìdáhùn bá jẹ́ ìlú òyìnbó, ẹ fi owó ọkọ̀ òfurufú kún iye rẹ̀ títí ayé.

Ohun tí kò yẹ kó wà nínú ìfiwéra

Àgbo ìtọ̀ màálù tí wọ́n ń fún ọmọ tó ní giri. Ewé tábà wà nínú rẹ̀. Ó ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó ń mú ọmọ dákú, ó sì lè sọ giri kékeré di èyí tó pẹ́, tí yóò jó hippocampus. Ẹ má ṣe é. Àdúrà kò bá oògùn jà. Kí ẹni tó ń gbàdúrà fún un má sọ fún un pé kó já oògùn.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ọmọ tó ń ranjú ní kíláàsì: EEG, lẹ́yìn náà ethosuximide bó bá wà, tàbí valproate bó bá jẹ́ ọkùnrin. Ẹ má fún un ní carbamazepine. Ẹ lọ bá tíṣà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọ̀dọ́bìnrin tàbí ìyàwó ilé tó ṣì fẹ́ bímọ: levetiracetam bí owó bá gbà, pẹ̀lú folic acid kó tó lóyún. Bí owó kò bá gbà, carbamazepine lọ́wọ́ dókítà, tí wárápá náà bá ń ṣẹ̀ láti ojú kan.

Àgbàlagbà tí owó ń hán, tó ń ṣubú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó wà lábúlé tó jìn: phenobarbital tó ń lò lójoojúmọ́ sàn ju oògùn olówó ńlá tó ń lò lọ́sẹ̀ kan tó ń fo ọ̀sẹ̀ kejì. Awakọ̀ àti ọlọ́kadà gbọdọ̀ fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀ títí dókítà yóò fi fọwọ́ sí i.

Ẹni tí oògùn méjì kò mú tirẹ̀, tó ní ìtàn giri tó pẹ́ àti nǹkan tó ń ru láti ikùn: MRI, kí ẹ sì béèrè iṣẹ́ abẹ láìdúró dìgbà oògùn karùn-ún. Bí àpá bá wà lápá méjèèjì tàbí tí a kò rí ojú kan, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó wáyé, iṣan vagus ṣáájú thalamus. Ọmọdé ní tirẹ̀, ẹ gbìyànjú oúnjẹ ọ̀rá kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín òjijì, MRI ló kàn, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ló tẹ̀lé e.

Bí owó MRI kò bá tíì sí lọ́wọ́, ẹ wádìí ohun tí ètò ìdójútòófò ìlera ìpínlẹ̀ bò. Kí ẹ tó rí i, ẹ máa kọ ọjọ́, àkókò, iye ìṣẹ́jú àti bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, kí ẹ sì mú ìwé náà, fídíò àti páálí oògùn tó ní nọ́ńbà NAFDAC lọ sí kílíníìkì ní gbogbo ìgbà.